Màmá mi ń bọ̀ ní Houston fún ìgbà àkọ́kọ́: kí ni kí n ṣe tí ìrìn àjò náà ò fi ní ni wọ́n lára?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Houston ni mo ń gbé, mo sì máa tó bímọ. Màmá mi tó wà ní Ìbàdàn fẹ́ wá bá mi wẹ ọmọ, wọ́n sì ti gba físà. Ẹni ọdún 69 ni wọ́n. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, orúnkún ń dùn wọ́n, wọn ò wọ bàálù rí, Gẹ̀ẹ́sì wọn ò sì ju kí wọ́n kí èèyàn lọ. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n bá wọn béèrè fún àga onítáyà ní pápákọ̀ òfurufú, wọ́n ní àwọn ò yarọ. Ẹnì kan ti bá mi rí tíkẹ́ẹ̀tì tí owó rẹ̀ ò pọ̀, àmọ́ ibi méjì ni wọ́n ti máa pààrọ̀ bàálù. Kí ni ẹ rò pé kí n ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú ìmúra o. Ọlọ́run á sọ̀ yín kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ.

Iṣẹ́ tíkẹ́ẹ̀tì ni mò ń ṣe ní Ìkẹjà, àwọn ìyá àti bàbá àgbà tó ń lọ wo ọmọ lókè òkun ló sì pọ̀ jù nínú àwọn tó ń wá sọ́dọ̀ mi. Ohun tí mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ wọn ni pé inú bàálù kọ́ ni wàhálà pọ̀ sí. Téèyàn bá ti jókòó síbẹ̀, oúnjẹ ni, oorun ni. Orí ilẹ̀ ni nǹkan ti ń ni àgbàlagbà lára: ìrìn gígùn, ìdúró lórí ìlà, àtẹ̀gùn, ẹrù, àti ìbéèrè tí wọ́n ń fi èdè tí kò yé e bi í. Èyí tó pọ̀ jù nínú ẹ̀ lẹ lè ti orí fóònù yín ní Houston níbẹ̀ yanjú kí Màmá tó jáde nílé.

Ẹ jẹ́ ká mú tíkẹ́ẹ̀tì ṣáájú. Èyí tó máa dúró níbi méjì yẹn, ẹ bá mi fi sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tó ń gbé báàgì kọ́ ẹ̀yìn. Gbogbo ibi tí wọ́n bá ti pààrọ̀ bàálù, wọ́n á tún rìn, wọ́n á tún yẹ ara wọn wò, wọ́n á tún wá ẹnu ọ̀nà tí wọ́n máa gbà wọlé, ẹrù wọn náà á sì tún rí ààyè ṣì lọ síbòmíì. Mo tún fẹ́ kí ẹ fura sí owó rẹ̀ tó kéré yẹn. Ọ̀pọ̀ irú tíkẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, méjì tí ò bára wọn tan ni wọ́n so pọ̀. Tí bàálù àkọ́kọ́ bá pẹ́ dé, tí èkejì sì ti gbéra, ilé-iṣẹ́ kejì á ní ọ̀rọ̀ náà ò kan àwọn, owó yín wọgbó nìyẹn. Wọ́n sì tún lè ní kí Màmá jáde lọ gba àpótí wọn níta kí wọ́n tó gbé e fún bàálù kejì, bẹ́ẹ̀ wọn ò ní físà tí wọ́n máa fi jáde ní ìlú yẹn. Ẹ bi ẹni tó rí i fún yín ní ohun méjì péré: ṣé nọ́ńbà búkìn kan ṣoṣo ló kó gbogbo ìrìn náà pọ̀, àti pé ṣé àpótí tí wọ́n bá fi sílẹ̀ ní Èkó, Houston ni wọ́n ti máa gbà á? Tó bá ti ń ṣe kámi-kàmì-kámi, ẹ kúrò níbẹ̀.

Bàálù tó ń ti Èkó lọ sí Houston tààrà wà nígbà kan. United ló ń ṣe é láti 2011 títí di 2016 tí wọ́n fi dá a dúró. Pípààrọ̀ lẹ́ẹ̀kan ló dáa jù fún Màmá báyìí, ọ̀nà méjì ló sì wà. Ẹ lè gbé wọn gba Atlanta, torí Delta ń ti Èkó lọ síbẹ̀ tààrà, ó ń gbà tó wákàtí 12, kí wọ́n wá wọ bàálù abẹ́lé já Houston. Ẹ sì lè gbé wọn gba Yúróòpù, bíi Frankfurt, Amsterdam tàbí Paris, kí bàálù kejì gbé wọn wá bá yín. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló gbà pé ti Atlanta ló rọrùn jù, torí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni wọ́n kọ́kọ́ bọ́ sí. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ibi àkọ́kọ́ téèyàn bá ti tẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn ìmígíréṣọ̀n ti ń bi í ní ìbéèrè. Ibẹ̀ náà ló ti máa gba àpótí rẹ̀, táá wọ́ ọ kọjá lọ́dọ̀ àwọn aṣọ́bodè, táá sì tún lọ fi í lélẹ̀ fún bàálù tó kàn. Atlanta ni gbogbo ìyẹn á ti ṣẹlẹ̀ sí Màmá, ẹ̀yin á sì wà ní Houston tí ẹ̀ ń tẹ fóònù. Tí wọ́n bá gba Yúróòpù, àpótí wọn á lọ tààrà, Houston ni wọ́n ti máa bi wọ́n ní ìbéèrè, ọkọ yín á sì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn níbẹ̀. Wákàtí tí wọ́n máa lò lójú ọ̀nà á pọ̀ sí i díẹ̀, mo mọ̀. Síbẹ̀ èmi á yan ìyẹn fún ìyá tèmi.

Ẹ jẹ́ kí àyè tó wà láàárín bàálù méjèèjì tó wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin. Kọ̀ǹpútà máa ń gbé wákàtí kan àti ààbọ̀ jáde bíi pé gbogbo èèyàn ló lè sáré. Ní ti físà ojú ọ̀nà, àwọn orílẹ̀-èdè Schengen, ìyẹn àwọn ilẹ̀ Yúróòpù tó jọ ń lo físà kan náà, ní kí ọmọ Nàìjíríà gba físà pápákọ̀ kó tó lè pààrọ̀ bàálù lọ́dọ̀ wọn, àmọ́ òfin yẹn ò mú ẹni tó bá ní físà Amẹ́ríkà tí kò tíì kú. Ti Màmá ti bá wọn yanjú ìyẹn, tí wọn ò bá ṣáà ti jáde sígboro. Àwọn kan á tún sọ fún yín pé kí wọ́n lọ gba abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú kíákíá nítorí yẹ́lò káàdì. Amẹ́ríkà kì í béèrè káàdì yẹn. Ẹni tó bá sì ti lé ní 60 ọdún tí kò gba abẹ́rẹ́ náà rí, ó yẹ kó kọ́kọ́ bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ dáadáa, torí ewu rẹ̀ máa ń pọ̀ sí i lára àgbàlagbà. Ẹ jẹ́ kí dókítà Màmá dá sí i kí ẹnikẹ́ni tó gún wọn.

Ó wá kan àga onítáyà. Ẹ bá mi sọ fún Màmá pé tí wọ́n bá dé Ìkẹjà lálẹ́ ọjọ́ kan, àwọn tí wọ́n máa rí lórí àga yẹn ni ìyálọ́jà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, àti bàbá tó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn lọ sí mọ́ṣáláṣí láràárọ̀. Kò sí arọ nínú wọn, ọ̀nà ló jìn. Ní pápákọ̀ tó tóbi bíi ti Frankfurt tàbí Amsterdam, ẹni tí orúnkún ń dùn lè rìn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú láti ẹnu ọ̀nà kan sí òmíràn, táá sì tún bá àtẹ̀gùn tó ń rìn fúnra rẹ̀ pàdé lójú ọ̀nà. Mo ti rí ìyá kan tó dúró ní ìbẹ̀rẹ̀ irú àtẹ̀gùn bẹ́ẹ̀, ó fi ọwọ́ kan di ìró mú, ó fi èkejì di báàgì mú, ó na ẹsẹ̀ síwájú, ó fà á padà, ó tún nà án, àwọn èèyàn sì ti tò sẹ́yìn rẹ̀ tí wọ́n ń mí kanlẹ̀.

Nínú ọ̀ràn ti Màmá yín, ẹni tó ń ti àga yẹn wúlò ju àga náà fúnra rẹ̀ lọ. Ó mọ ẹnu ọ̀nà. Ó mọ ìlà tó yá. Ó máa na ìwé ìrìnnà wọn sí ẹni tó yẹ, á bá wọn fa àpótí kúrò lórí bẹ́líìtì ní Houston, á sì tì wọ́n jáde títí wọ́n á fi rí ojú yín. Ìyá tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì lè wá ọ̀nà béèrè. Ìyá tí kò gbọ́ nílò ẹni tó máa dúró tì í. Tí Màmá bá ṣì ń janpata, ẹ ní ọmọ tí wọ́n ń bọ̀ wá wẹ̀ ń fẹ́ kí orúnkún yẹn le nígbà tí wọ́n bá dé. Ó máa ń wọ̀ wọ́n létí.

Ọ̀fẹ́ ni o. Òfin kan tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1986, tí wọ́n sì fẹ̀ dé ọ̀dọ̀ àwọn bàálù ilẹ̀ òkèèrè lẹ́yìn náà, sọ ọ́ di dandan fún gbogbo bàálù tó ń wọ ilẹ̀ wọn tàbí tó ń jáde níbẹ̀, Yúróòpù náà sì ṣe tiwọn ní 2006. Ẹnikẹ́ni tó bá ní kí Màmá san owó àga ní Èkó, àpò ara rẹ̀ ló ń gbà á sí. Ní Amẹ́ríkà, àwọn tó ń tì í máa ń retí ẹ̀bùn dọ́là mélòó kan, ìyẹn ò sí nínú òfin, àmọ́ iṣẹ́ náà wúwo, ẹ jẹ́ kí Màmá ní owó kéékèèké lápò.

Bí ẹ ṣe máa béèrè fún un ṣe pàtàkì. Ẹ pe ilé-iṣẹ́ bàálù, ó kéré tán wákàtí 48 ṣáájú, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá dé pápákọ̀. Lẹ́tà mẹ́rin mẹ́rin ni wọ́n máa ń kọ sí tíkẹ́ẹ̀tì. WCHR ni ti ẹni tó lè gun àtẹ̀gùn àmọ́ tí kò lè rìn jìnnà. WCHS ni ti ẹni tí kò lè gun àtẹ̀gùn, àmọ́ tó lè fẹsẹ̀ rìn dé ìjókòó rẹ̀. WCHC ni ti ẹni tí wọ́n gbọ́dọ̀ gbé dé ìjókòó. Pẹ̀lú orúnkún tí ẹ ṣàlàyé yẹn, WCHS ni kí ẹ béèrè, torí nígbà míì bàálù kì í sún mọ́ ara ilé, bọ́ọ̀sì ni wọ́n fi ń kó èrò lọ sídìí rẹ̀, àtẹ̀gùn irin gíga ni wọ́n sì máa gùn wọlé. Kí ẹni tó gbé fóònù ka ohun tó kọ padà fún yín, bàálù kìíní àti bàálù kejì. Ibi tó ti máa ń bàjẹ́ nìyẹn: wọ́n á kọ ọ́ sí ti Èkó, wọ́n á gbàgbé èkejì, ìyá á dé ìlú onílùú, kò ní rí ẹnì kankan.

Orí ìpè yẹn náà ni kí ẹ ti bá wọn gba oúnjẹ tí iyọ̀ ò pọ̀ nínú rẹ̀, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru wọn, kí ẹ sì yan ìjókòó. Etí ọ̀nà ni kó wà, kó sún mọ́ ilé ìgbọ̀nsẹ̀ níwọ̀nba, kó má lẹ̀ mọ́ ọn, torí ilẹ̀kùn á máa pariwo, èrò á sì máa tò síbẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ojú fèrèsé dùn ún wò. Àmọ́ ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru máa ń tọ̀ léraléra, tí ọkùnrin méjì bá sì ti sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ìtìjú á mú Màmá jókòó pa á mọ́ra. Wọn á wá dín omi tí wọ́n ń mu kù, ibẹ̀ ni àìsàn ti ń wọlé.

Ẹ bá wọn tẹ páálí kan, kí wọ́n fi okùn gbé e kọ́rùn. Ẹ kọ orúkọ wọn sí i bó ṣe wà nínú ìwé ìrìnnà gẹ́lẹ́, nọ́ńbà bàálù méjèèjì, àdírẹ́sì yín, nọ́ńbà yín àti ti ọkọ yín, oògùn tí wọ́n ń lò, kí ẹ sì fi Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ gàdàgbà pé Yorùbá ni wọ́n ń sọ. Ẹ má gbọ́kàn lé WhatsApp. Ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀, kí íntánẹ́ẹ̀tì ọ̀fẹ́ tó ṣiṣẹ́, wọ́n á ní kéèyàn tẹ ìwọ̀nyí kó tó tẹ ìwọ̀nyẹn, Màmá ò sì ní lè ṣe é.

Ọjọ́ ìrìn wá dé. Alẹ́ ni ọ̀pọ̀ bàálù Yúróòpù máa ń gbéra ní Èkó, ìdí nìyẹn tí àwọn ará Ìbàdàn fi máa ń rò pé àwọn lè jáde nílé ní ọ̀sán. Ẹ má ṣe é. Kí Màmá sùn sí Èkó ní alẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú, lọ́dọ̀ mọ̀lẹ́bí tó sún mọ́ Ìkẹjà. Tó bá wá jẹ́ Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù, tí àwọn Rìdíìmù ń ṣe ìsìn wọn ní títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, ẹ̀yin náà ẹ mọ bí ibẹ̀ ṣe máa ń rí. Kí wọ́n dé pápákọ̀ ní wákàtí mẹ́rin ṣáájú. Láti 2022 ni ilé tí wọ́n kọ́ fún ìrìn àjò ilẹ̀ òkèèrè ní Ìkẹjà ti di méjì, èyí tó ti wà láti 1979 àti tuntun, iṣẹ́ àtúnṣe sì máa ń mú kí wọ́n gbé èrò láti ibì kan síbòmíì. Ẹ bi ilé-iṣẹ́ bàálù léèrè ní ọ̀sẹ̀ náà ibi tí wọ́n ń lò, ẹ má bi awakọ̀ tásíkì.

Aṣọ: bùbá àti ìró tó fúyẹ́, síwẹ́tà kan torí inú bàálù tutù, bàtà pẹlẹbẹ tí kò fún torí ẹsẹ̀ á wú díẹ̀. Kí wọ́n fi gèlè ńlá sínú àpótí. Ọ̀rọ̀ kan wà tí ẹ̀yin ọmọ kì í rántí sọ, àwọn ìyá náà kì í fẹ́ sọ ọ́. Ẹ̀rọ tó ń yẹ ara wò máa ń fi ohunkóhun tó bá wà lábẹ́ aṣọ hàn, ìbáà jẹ́ irin ìbáà má jẹ́ irin. Ìlẹ̀kẹ̀ ìdí á yọ. Owó tí wọ́n so mọ́ etí ìró á yọ. Ońdè tí wọ́n rọ̀ mọ́ abẹ́ aṣọ náà á yọ. Obìnrin òṣìṣẹ́ kan á wá fi ọwọ́ kan ara wọn, ìyá tí ẹnì kankan ò bá sọ fún tẹ́lẹ̀ lè gbà pé olè ni wọ́n pe òun. Ẹ sọ fún wọn ṣáájú. Ẹ sọ pẹ̀lú pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí wọ́n yẹ àwọn wò ní yàrá ọ̀tọ̀. Owó inú etí ìró, kí wọ́n kó o sínú pọ́ọ̀sì. Tó bá lé ní 10,000 dọ́là, àfi kí wọ́n sọ ọ́ fún aṣọ́bodè ní Nàìjíríà àti ní Amẹ́ríkà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mi ò rò pé ọmọ ń fún ìyá ní irú owó bẹ́ẹ̀ láti gbé wá.

Ẹrù ni ìjà wà. Ohun tí ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ń gbà fún Amẹ́ríkà ni àpótí méjì, kìlógíráàmù 23 ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra òṣùwọ̀n kékeré aláfọwọ́gbé fún wọn, ẹ jẹ́ kí ọmọ àdúgbò bá wọn wọ̀n ọ́n nílé, kí wọ́n dúró sí 21 tàbí 22, torí òṣùwọ̀n ilé àti ti pápákọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbọ́ra wọn yé. Ìyá tó ń tú àpótí sílẹ̀ níwájú èrò, tí èlùbọ́ ń dà, tí àwọn tó tò sẹ́yìn rẹ̀ ń ké pé kó yára, ìgbà yẹn ni ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ máa ń ru jù lọ nínú gbogbo ìrìn náà.

Oògùn wọn pátá, inú báàgì ọwọ́ ni kó wà, nínú páálí tí wọ́n fi rà á, pẹ̀lú ìwé dókítà tó kọ orúkọ oògùn náà gan-an. Tí wọ́n bá ń lo tramadol fún orúnkún, ẹ bi dókítà bóyá òmíràn lè rọ́pò rẹ̀, òfin líle ló wà lórí ìyẹn ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀. Omi tó bá ju 100 mílílítà lọ kì í kọjá nínú báàgì ọwọ́ ní ọ̀pọ̀ pápákọ̀. Látìgbà tí wọ́n ti tú àṣírí àwọn tó fẹ́ fi bọ́ǹbù olómi ba bàálù jẹ́ ní London ní 2006 ni òfin náà ti wà. Àgbo inú ìgò ò lè kọjá. Òrí àti àdí tí wọ́n fẹ́ fi pa ọmọ lára náà, wọ́n ń kà á mọ́ omi. Àpótí ńlá ni kó wà, kí wọ́n fi ọ̀rá méjì dì í. Báńkì iná tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù, báàgì ọwọ́ nìkan ni wọ́n gbà á sí.

Oúnjẹ: ẹran gbígbẹ, pọ̀nmọ́, adìẹ, ewé tútù, èso, ìgbín, kí Màmá fi gbogbo ẹ̀ sílẹ̀. Ẹja gbígbẹ kì í sábà ní wàhálà, gàrí àti èlùbọ́ náà bẹ́ẹ̀. Irú, kí wọ́n gbẹ ẹ́ dáadáa kí wọ́n tó dì í, tí wọn ò bá fẹ́ kí aṣọ ìkómọ máa rùn. Àmọ́ ohun yòówù tó bá jẹ́ oúnjẹ, kí wọ́n sọ pé ó wà níbẹ̀. Tí aṣọ́bodè bá gba ohun tí wọ́n ti fẹnu ara wọn sọ, ọ̀ràn tán. Tó bá jẹ́ pé ó bá a nígbà tí wọ́n ti ní kò sí oúnjẹ, owó ìtanràn ni.

Wọn ò gbọ́dọ̀ bá ẹnikẹ́ni gbé ẹrù, ì báà jẹ́ pásítọ̀, ì báà jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n wọn. Tí wọ́n bá gba àpótí sílẹ̀ tán ní Èkó, kí ẹni tó bá wọn lọ ka ìwé ẹrù tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ìdí bọ́ọ̀dìn páàsì wọn. Àpótí méjì, ìwé méjì. Ẹ má rò pé àṣejù ni. Ní 2018, wọ́n mú ọmọbìnrin kan láti Nàìjíríà ní Saudi Arabia nítorí báàgì tí kò mọ nǹkankan nípa rẹ̀. Àwọn kan ní pápákọ̀ Kano ló so orúkọ rẹ̀ mọ́ ọn, tramadol ló sì wà nínú rẹ̀. Ó pẹ́ ní àtìmọ́lé kó tó gba ìtúsílẹ̀ ní 2019. Kí wọ́n ya fọ́tò àpótí méjèèjì àti ìwé ẹrù ránṣẹ́ sí yín. Fọ́tò yẹn náà lẹ máa lò tí àpótí ò bá dé. Ẹ ò gbọ́dọ̀ kúrò ní pápákọ̀ Houston láìkọ ìwé ẹ̀sùn lọ́dọ̀ ilé-iṣẹ́ bàálù. Ohun tó bá bàjẹ́ nínú àpótí, ọjọ́ 7 péré ni òfin fún yín láti kọ̀wé.

Nínú bàálù, ohun tó máa ń dẹ́rù bà wọ́n ni ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ ṣàlàyé rẹ̀ lórí fóònù: àárín ilẹ̀kùn ni wọ́n máa ń tì, á ká sínú, iná inú rẹ̀ ò ní tàn dáadáa àfi tí wọ́n bá fi irin kékeré ti ilẹ̀kùn, tí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì, ariwo ńlá á fa gbogbo nǹkan lọ lẹ́ẹ̀kan náà, kò ní fa àwọn. Kí wọ́n mú ike omi òfìfo kékeré dání fún ìwẹ̀mọ́, ṣùgbọ́n omi ẹ̀rọ ibẹ̀ kì í ṣe mímu.

Afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ bí ọyẹ́, nítorí náà kí wọ́n máa mu omi díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n sì fi ìpara pa ètè. Bàálù ń fò ní nǹkan bí 35,000 ẹsẹ̀ bàtà, àmọ́ afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ dà bí ti orí òkè tó ga ní 6,000 sí 8,000 ẹsẹ̀ bàtà. Ẹ̀jẹ̀ ríru tó wà ní ìkáwọ́ kì í bá ìyẹn jà, àmọ́ kí dókítà wò wọ́n ní ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì ṣáájú, kó sì sọ àsìkò tí wọ́n máa lo oògùn ọjọ́ yẹn, pàápàá èyí tó ń múni tọ̀. Afẹ́fẹ́ inú ikùn náà máa ń fẹ̀ lókè, ẹ̀wà àti gbẹ̀gìrì ọ̀sán ọjọ́ yẹn lè wá di ìrora. Ẹ̀kọ tàbí ìrẹsì díẹ̀ ti tó.

Ẹsẹ̀ ni kí ẹ tẹnu mọ́ jù. Ìwádìí tí Àjọ Ìlera Àgbáyé gbé jáde ní 2007 sọ pé tí ìjókòó sójú kan bá ti lé ní wákàtí mẹ́rin, ewu kí ẹ̀jẹ̀ dì nínú iṣan ẹsẹ̀ máa ń di nǹkan bí ìlọ́po méjì. Kò wọ́pọ̀, ó tó ẹnì kan nínú 6,000, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí wà nínú ohun tó ń mú un pọ̀ sí i. Kí wọ́n máa gbé gìgísẹ̀ sókè sódò lórí ìjókòó, kí wọ́n dìde lọ síwá-sẹ́yìn ní wákàtí méjì-méjì tí wọn ò bá sùn. Tí dókítà bá fọwọ́ sí i, ẹ ra ìbọ̀sẹ̀ tó ń fún ẹsẹ̀ mọ́ra, kí wọ́n wọ̀ ọ́ láti ilé. Tí bàálù bá ń bọ̀ nílẹ̀, kí wọ́n má sùn. Kí wọ́n fi orógbó tàbí súìtì sẹ́nu, kí wọ́n máa gbé itọ́ mì, etí ò ní dùn wọ́n.

Ní Houston, ìmígíréṣọ̀n á bi wọ́n: ta lẹ wá rí, níbo lẹ máa gbé, ìgbà wo lẹ máa padà. Òtítọ́ ni kí wọ́n sọ, kó sì ṣe ṣókí: ọmọ mi bímọ, mo wá rí i àti ọmọ ọmọ mi, mo máa padà ní oṣù báyìí. Ibi tí àwọn ìyá ti ń kó sí wàhálà ni kí wọ́n máa fi Gẹ̀ẹ́sì tí kò já geere sọ pé iṣẹ́ ọmọ títọ́ làwọn wá ṣe, òṣìṣẹ́ á gbọ́ “iṣẹ́”, ó parí. Kí wọ́n fi páálí ọrùn wọn hàn, kí wọ́n ní Yorùbá làwọn ń sọ. Wọ́n lè pe ògbufọ̀ sórí fóònù. Kí ìwé ìpadàbọ̀ tí wọ́n ti ra wà lọ́wọ́ wọn ní títẹ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tí ẹ̀yin kọ.

Ẹ bá wọn ra ìnṣọ́ọ́ránsì ìlera fún gbogbo ọjọ́ tí wọ́n máa lò, kí ẹ sì ka ohun tó sọ nípa àìsàn tó ti wà lára tẹ́lẹ̀. Owó ọsibítù ibẹ̀ ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n jù mí lọ. Ní ti oorun, Nàìjíríà fi wákàtí mẹ́fà ṣáájú yín nígbà ẹ̀ẹ̀rùn yín, méje nígbà òtútù. Màmá á jí ní aago méjì òru fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á sì fẹ́ gún iyán. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rí oòrùn láàárọ̀, á lọ.

Tí wọ́n bá ti sinmi tán, ẹ lọ wo I-94 wọn, ìyẹn àkọsílẹ̀ ọjọ́ tí wọ́n wọlé àti ọjọ́ tí wọ́n gbọ́dọ̀ jáde, lórí ìkànnì CBP, àwọn aṣọ́bodè Amẹ́ríkà. Ọjọ́ tó wà lára físà ni ọjọ́ tí wọ́n lè wọlé dà. Ọjọ́ tó wà lórí I-94 ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi jáde, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n sì máa ń fún wọn ní oṣù mẹ́fà. Tí ọjọ́ ìpadàbọ̀ tí ẹ rà bá ti kọjá rẹ̀, ẹ yí i padà ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ ní kí wọ́n tún kọ WCHS sí ti ìpadàbọ̀ náà, torí tí ẹ bá yí ọjọ́ padà, ìbéèrè tí ẹ ti ṣe tẹ́lẹ̀ lè pa rẹ́.